Olójú Mẹ́rin

Wattie Hislop fi imú bàtà rẹ̀ yí ọmọ ajá náà dé ẹ̀yìn, bí ẹni ń yí ọ̀dùnkún tó ti jẹrà wò. Ó wo ikùn rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá gbójú sókè.

"Kí lèyí?"

"Ọmọ ajá ni," Senga dá a lóhùn. "Ẹ gbé bàtà yín kúrò lára ẹ̀."

Wattie kò yára gbé e. Ọ̀gá àwọn olùṣọ́ igbó ọdẹ ni. Láti etí odò títí dé orí òkè, ẹyẹ kan kì í kú ní gbogbo àfonífojì yẹn kó má mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbé ẹsẹ̀ nítorí pé obìnrin ní kó gbé e. Omi yìnyín ń kán láti etí fìlà rẹ̀ sórí òkúta ilẹ̀ ilé ìdáná. Ọmọ ajá náà rò pé eré ni. Ó di okùn bàtà mú, ó ń fà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn ni Whin, abo ajá ọdẹ Lábúrádọ̀ tí Senga ní, bí ọmọ mẹ́jọ sínú àpótí pákó ẹ̀gbẹ́ ààrò. Méje dúdú bí kóró iṣin. Ìkẹjọ dúdú náà, àmọ́ bí ẹni pé aláró gbàgbé láti parí iṣẹ́: àmì pupa roboto méjì jókòó sókè ojú rẹ̀ bí ojú mìíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, àyà rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dà bí ti ẹni tó la agbada epo kọjá. Lábúrádọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ni àwọn olùṣọ́ igbó mọ̀ fún wọn: dúdú, àwọ̀ ọkà tó gbó, àti àwọ̀ ṣokoléètì. Èyí tó bá yà kúrò nínú mẹ́ta yìí, ní àfonífojì àwọn Senga, garawa omi ló ń bá pàdé kó tó la ojú.

Senga kò gbé garawa. Olójú Mẹ́rin la ojú.

"Mo ní ẹ gbé bàtà yín."

Ó wá gbé e. Ó fa àga kan, ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló bá wá, kò sì sí ẹni tó máa jà á níyàn lórí ìyẹn. Corbie, akọ ajá rẹ̀, ni bàbá àwọn ọmọ náà. Ẹni tó ni bàbá kì í gba owó. Òun ló máa kọ́kọ́ mú ọmọ tó wù ú, ilé tó ni ìyá á mú ìkejì, ìyókù á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ tí wọ́n ti ń dúró láti ọdún tuntun. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni bàbá á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ náà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di aláìníbàbá lójú ìwé, ọdẹ kankan kò sì ní fi ojú kejì wò wọ́n. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, kálámù wà lórí rẹ̀. Kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi orúkọ Senga.

Ilé Senga ti mọ èyí tí yóò mú. Dod, ọkọ rẹ̀, tó wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn àgùntàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti ní kí wọ́n mú abo dúdú ńlá yẹn, ajá tó máa wúlò. Mirren, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méjìlá, ní rárá. "Eléyìí ni," ó nawọ́ sí olójú mẹ́rin. "Kò jọ ẹnì kankan nílé ẹ̀. Èmi náà ò jọ ẹnì kankan." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Senga fi àwo sílẹ̀, ó jáde lọ dúró nínú òtútù títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

"Ajá tí Dod fi ń da àgùntàn ló fo ògiri," Wattie sọ. "Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá yẹn, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ eléyìí. Ọ̀rọ̀ yìí ò gba awò ojú, Senga."

"Èmi fúnra mi ni mo gbé Whin wá bá Corbie. Nígbà tí mo gbé e padà, ilé ìfọṣọ ni mo tì í mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo fi sùn."

"Ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ."

"Ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ, bẹ́ẹ̀ ni."

Wattie rẹ́rìn-ín sí ọwọ́ ara rẹ̀. "Ilẹ̀kùn ilé yìí, ó ti pẹ́ tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n tì dáadáa. Apínlẹ́tà gan-an mọ̀."

Lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀bẹ dúró. Màmá Effie, ìyá Dod, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lórí ẹsẹ̀, tó ń gé kárọ́ọ̀tì sí ọbẹ̀ ọkà bálì. Ó ti jókòó láti àárọ̀ láìsọ nǹkan kan. Ọ̀bẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó tún ń gé e lọ.

Senga kò wo Wattie. Ọ̀bẹ yẹn ló ń wò.

Nígbà tí ó bí Mirren, irun orí ọmọ náà pupa bí ewé tó ń kú lọ ní òpin ọdún. Irun Dod dúdú. Irun Senga dúdú ju tirẹ̀ lọ. Màmá Effie bẹ̀rẹ̀ wo inú ibùsùn ọmọ, ó wò ó pẹ́, ó wá béèrè lójú gbogbo àwọn tó wá kí ìyá ìkókó pé, "Kí wá ni àwọ̀ irun apínlẹ́tà tó ń wá sápá ibí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò ní àfonífojì mọ́. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá Mirren dé ilé-ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Geddes apínlẹ́tà, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò mu tíì nílé ẹnikẹ́ni rí, ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ọ̀nà mìíràn, ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ. Dod kò bi Senga rí. Dod kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ rí pé kó pa ẹnu dé. Inú ẹ̀rín yẹn ni Senga ń gbé, inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó dá a sílẹ̀, ó ń fún ìyá yẹn ní tíì lówùúrọ̀, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un láti ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Wattie Hislop." Láti ọjọ́ tí Senga ti wọ àfonífojì náà bí ìyàwó ló ti ń fi 'ẹ' bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. 'Ẹ' náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti he é. "O wọ ilé mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. O fi bàtà yí ọmọ ajá mi. O jókòó sórí àga tí n kò fún ọ. Ó dáa, jókòó, kí o gbọ́. Ilé àyẹ̀wò wà nísinsìnyí tí wọ́n ti ń wádìí bàbá ajá. A ó fi owú nu ẹnu Corbie, a ó nu ti Whin, a ó nu ti ọmọ yìí, a ó fi ránṣẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sọ ẹni tó bí i. Màá fi ti ajá àgùntàn sí i, kí o má baà ní mo rẹ́ ọ jẹ."

"Itọ́ ajá mi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé?"

"Torí mo ní bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá ń bẹ̀rù?"

Wattie yí kálámù orí tábìlì po. Ìlú tó jìnnà ni wọ́n ti ń gbé abo ajá wá bá Corbie. Orúkọ ajá yẹn ló ń mú un wọ ilé àwọn ènìyàn ńláńlá, òun tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ kòtò jẹun. Ó dìde. Senga rò pé ó fẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló gbà, ó sì gbé garawa irin àtijọ́ tó wà níbẹ̀ wọlé, omi òjò wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín ilé. Irin dún lórí òkúta, Whin sì gbé orí sókè nínú àpótí.

"Mi ò wá jà," Wattie sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ohùn rírọ̀ yẹn ló burú jù. "Mo lè fọwọ́ sí ìwé yẹn báyìí. Ojú mi ò dára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ méje péré ni mo rí níbẹ̀. Lọ ro ọbẹ̀ lórí iná, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí ọmọ rẹ bá dé, sọ fún un pé àìsàn ni. Ọmọdé máa ń gbàgbé."

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Ó ti mọ ohùn wa."

"Ẹ̀bi rẹ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí i ni wọ́n ń ṣe é. Tó ò bá fẹ́, kò burú, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni kò ní bàbá. Wò ó, méje sí ọ̀kan. Ìwọ náà mọ ìṣirò."

Fún ìwọ̀n èémí kan, Senga ṣe ìṣirò náà. Kò ní parọ́ fún ara rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn: ó ṣe é. Méje sí ọ̀kan. Ojú rẹ̀ tiẹ̀ ti lọ síbi ìkòkò ọbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyí. Kò sí ìkà kankan nínú wọn. Ọbẹ̀ ni wọ́n lọ rò.

Ó fi ẹsẹ̀ gbá garawa náà.

Omi bo ilẹ̀, ó wọ bàtà Wattie, ó gba abẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ ajá tú ká, Whin gbó, garawa yí lọ títí ó fi kan ẹsẹ̀ àga ẹ̀bá fèrèsé.

"Garawa mi nìyẹn," Màmá Effie sọ.

Wọ́n yíjú sí i àwọn méjèèjì, bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀.

"Wattie, mo ní garawa mi nìyẹn. Ta ló ní kí o gbé e?"

"Ti Bàbá Andra ni, Màmá." Andra ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Òun ló jẹ́ ọ̀gá olùṣọ́ igbó kí Wattie tó jẹ ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni Wattie ti kọ́ṣẹ́.

"Andra lorúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀. Èmi ni mò ń gbé e." Ó gbé ọ̀bẹ lé orí àwo. "Ọkọ mi ò lè ṣe é. Ọkùnrin tó lè já ẹyẹ ọgọ́rùn-ún bọ́ láàárọ̀, tó bá ti kan ọmọ ajá, kò ní fọwọ́ kàn án. Á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á máa wò mí. Á ní, 'Effie, ó tún ti dé.' Èmi á dìde. Mo ti máa ń ṣe é tán kí ìwọ tó fi kẹ̀kẹ́ dé, kí o tó wá jẹ búrẹ́dì mi."

"Kí ló tún ti dé, Màmá?"

"Má ṣe ojú bẹ́ẹ̀ sí mi, o mọ ohun tí mò ń sọ. Olójú mẹ́rin. Bíi ti èyí gẹ́lẹ́. Mo ka mọ́kànlá, mo bá dẹ́kun kíkà. Ìyá tó bí ìyá Corbie rẹ, inú àpótí yìí ni wọ́n bí i sí. Mo ti gbé méjì lára àwọn tí wọ́n jọ wà níkùn jáde kí o tó wá mú un, tí o wá ń fọ́nnu káàkiri pé àbùkù kì í jáde nílé Andra. Àbùkù ń jáde. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà."

"Ajá àgùntàn ló—"

"Kò sí ajá àgùntàn nílé yìí nígbà náà. Fi ajá àgùntàn sílẹ̀." Obìnrin àgbà náà fi ọ̀pá rẹ̀ ti garawa kúrò lẹ́bàá ẹsẹ̀. "Gbọ́ ohun tí Andra mọ̀, tó sì gbé wọ sàréè. Nǹkan yìí kì í ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Tó bá jẹ́ ìyá nìkan ló ní in, kò ní hàn. Tó bá jẹ́ bàbá nìkan, kò ní hàn. Àfi káwọn méjèèjì ní in nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n jọ mú un wá. Ó lè sùn fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin, kó wá jí lọ́jọ́ kan bí àlejò. Tó bá ti hàn lára ọmọ yìí, ó wà lára Whin, ó sì wà lára Corbie. Nítorí náà, ọmọ mi, fi itọ́ ẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kí o fọwọ́ síwèé. Omi ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ."

Ojú Wattie pọ́n láti ọrùn lọ sókè. Ó mú kálámù.

"Mẹ́jọ," Senga wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Mẹ́jọ."

Ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i. "Kí lo máa kọ síbi àwọ̀?"

"Ohun tí mo rí."

Ó mú abo dúdú ńlá, bí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé yóò ṣe. Àmọ́ kó tó gbé e sínú ẹ̀wù, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó la ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí irun àárín wọn, ó ń wá pupa.

"Wá a dáadáa," Màmá Effie sọ fún un. "Kì í gbé ibẹ̀."

Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lọ nínú yìnyín.

Senga nu ilẹ̀. Màmá Effie tún mú ọ̀bẹ rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ ajá padà sínú àpótí, ó jókòó, ó fa fọ́ọ̀mù mọ́ra. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́nà kan tó gbóná, bí inú ẹni tó ja ìjà tó sì borí. Ó kọ 'dúdú' sí ìlà kìn-ín-ní. Ó kọ ọ́ sí ìkejì. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje. Ní ìlà kẹjọ, ó kọ 'dúdú àti', kálámù dúró.

Àfi káwọn méjèèjì ní in nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó tún un gbọ́, ní ohùn tí Màmá Effie fi sọ ọ́, láìsí iyèméjì kankan nínú rẹ̀, bí ohun tí ènìyàn ti mọ̀ láti ogójì ọdún. Ó lè sùn fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin. Inú dídùn náà kúrò lára Senga bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sí òtútù.

"Ta ló nírun pupa nílé yín, Màmá?"

Ọ̀bẹ kò dúró lójijì. Ó rọra dúró.

"Rab," Màmá Effie sọ. "Àbúrò mi. Ó lọ sí Kánádà kí n tó bí Dod."

"Mi ò rí fọ́tò ẹ̀ rí."

"Kò sí lára ògiri."

"Irun ẹ̀ ńkọ́?"

"Bíi ti Mirren. Ó ju ti Mirren lọ."

Ọmọ ajá kan ń sunkún lójú oorun. Ọbẹ̀ ń hó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, Senga rò ó lọ́kàn. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi wọ́ ọ.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ tí ẹ wo inú ibùsùn ọmọ mi."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀gbẹ́ni Geddes kó kúrò ládùúgbò."

"Mo mọ̀."

"Ọdún méjìlá, Màmá."

"Senga, mo mọ iye ọdún tó jẹ́." Ó ń wo kárọ́ọ̀tì inú àwo, kò wo ẹlòmíràn. "Andra gbójú sókè níbi tó ti ń wo ibùsùn ọmọ yẹn, ó wò mí. Bó ṣe máa ń wò mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo bá gbé e jáde, mo dà á sọ́rùn apínlẹ́tà. Ó ti mọ́ mi lára."

Senga ti rò ó láìmọye ìgbà, nídìí ààrò yìí, ohun tí òun máa sọ lọ́jọ́ tí òun bá rí ẹnu sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tó lè jó ilé. Ó wá wọn báyìí, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n gbóná, ọ̀kankan kò sì tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé Olójú Mẹ́rin. Ìlà kẹjọ ṣì wà láìparí lórí tábìlì. Ó na ọwọ́, ó kọ 'pupa' sí i, ó tẹ kálámù débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí orí pupa kan tó ń bọ̀ nínú yìnyín, tó kọ̀ láti dé fìlà.

Màmá Effie gbé àwo kúrò lẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e wá," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Kí Mirren bá a lórí ẹsẹ̀ mi."

Senga di ọmọ ajá náà mú mọ́ àyà. Ó gbóná, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó fi ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ó.

"Ẹ dìde," Senga wí. "Ẹ wá gbé e."

Obìnrin àgbà náà wo ọ̀pá rẹ̀, ó wo òkúta tó ṣì tutù. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti àga, ó dìde, ìbàdí rẹ̀ dún, ó bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Senga kò mira. Ó ń kà á. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin, bàtà ilé Màmá Effie yọ̀ díẹ̀ lórí ìyókù omi tí Senga fúnra rẹ̀ dà sílẹ̀, ó dúró, ó ń mí.

Ìgbà náà ni Senga wo ìsàlẹ̀, tó rí i pé apá kan ṣoṣo ló fi gbé ọmọ ajá. Ọwọ́ kejì ti nà jáde sí Màmá Effie, òun kò rán an níṣẹ́, kò kan ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà níbẹ̀ lófìfo, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń dúró.